Ìwé àṣẹ páílọ́ọ̀tì kọ́ ni iṣẹ́: ohun tí mo sọ fún ìyá kan ní Bàlógun kó tó ta ilẹ̀

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo lọ ra léèsì ní Bàlógun fún ìgbéyàwó àbúrò mi. Bí ìyá tó ń tà á ṣe gbọ́ pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ká léèsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà, ó fa àga kan jáde, ó ní kí n jókòó. "Ọmọ mi, Ọlọ́run ló darí ẹsẹ̀ rẹ síbí lónìí." Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ọkùnrin ti parí girama, ó yege dáadáa, kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ iṣẹ́ mìíràn ju páílọ́ọ̀tì lọ. Ilẹ̀ kan wà ní Ìkòròdú tí olóògbé bàbá wọn fi sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè kan ló kù lọ́kàn ìyá yìí: "Tó bá ti jáde nílé ẹ̀kọ́ bàálù, ṣé lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n á mú un síṣẹ́, àbí á kọ́kọ́ dúró bí oṣù mélòó kan?"

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni yẹn."

Bí wákàtí méjì la fi jókòó. Mo ń kọ ohun tí mo sọ fún wọn síbí nítorí pé ìbéèrè yẹn kì í ṣe tiwọn nìkan. Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ ní Agége, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gbẹ́ni tó ń wa kórópe tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Orí ilé àwọn ará Ìjù-Ìṣàgá àti Agége ni bàálù ń gbà bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìhà àríwá wá sí Ìkẹjà. Ọmọ tó bá dàgbà sábẹ́ ariwo yẹn á fẹ́ mọ ẹni tó ń wà á. Ìfẹ́ ọmọ kò burú rárá. Ohun tó ń ba ilé jẹ́ ni pé ìdajì ìṣirò ni wọ́n máa ń kà sétí òbí, ìdajì tó kù á sì yọjú nígbà tí owó ti tán.

Ìwé mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú orúkọ àwọn àjọ, torí wọ́n máa ń da ènìyàn lójú rú. FAAN ló ni pápákọ̀ òfurufú: ilé, ojú ọ̀nà bàálù, àwọn ẹ̀ṣọ́. NAMA ló ń darí bàálù lójú sánmà láti inú ilé ìṣọ́. NSIB ló ń wádìí ìjàǹbá. NCAA ló ń fúnni níwèé àṣẹ, òun náà ló sì ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ àti dókítà tó lè yẹ awakọ̀ wò. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ ènìyàn ní FAAN tó lè bá ọmọ yín gba ìwé páílọ́ọ̀tì, ẹ dìde níbẹ̀.

Ìwé àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní PPL. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 17, tó sì ti fò tó wákàtí 40, ó kéré tán, lè gbà á bó bá yege ìdánwò. Ó lè gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ fò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba owó iṣẹ́ nídìí ẹ̀. Ìkejì ni CPL. Èyí ló sọ ọ́ di ẹni tí òfin gbà láyè láti fi bàálù jẹun. Ọdún 18 ni ọjọ́ orí rẹ̀, wákàtí 200 sì ni ìlànà àgbáyé béèrè, àfi bí ọmọ náà bá gba ẹ̀kọ́ náà ní àtòpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin nílé ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Ìyẹn lè jẹ́ 150. Ìkẹta ni ATPL, ìwé àwọn ọ̀gá awakọ̀, àwọn tí ẹ máa ń rí ìlà mẹ́rin ní èjìká wọn, tí wọ́n ń jókòó sápá òsì. Wákàtí 1,500 ni tìyẹn, ẹni tó máa gbà á sì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21.

Láàárín ìkejì àti ìkẹta, àṣẹ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní instrument rating. Òun ni àṣẹ láti máa fò pẹ̀lú ohun tí ẹ̀rọ iwájú ẹni ń sọ nìkan, láìrí ìta. Ẹni tó bá mọ òjò oṣù kẹfà àti oṣù keje ní Èkó, tàbí tó ti dúró ní MM2, ibùdó bàálù abẹ́lé ní Ìkẹjà, láti àárọ̀ dọ̀sán nígbà ọyẹ́ torí pé kùrukùru eruku bo ìlú tí wọ́n ń lọ, á mọ̀ pé awakọ̀ tí kò ní àṣẹ yìí kò wúlò fún ilé iṣẹ́ kankan níbí.

Ìwé CPL ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń tà fún òbí. Ìwé yẹn ni wọ́n ń gbé síwájú ọmọ lọ́jọ́ ayẹyẹ ìparí, tí gbogbo ẹbí á ya fọ́tò sí i, tí ọmọ á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ohun tí mo sọ fún ìyá nìyí: ẹni tó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ní Ojodu lónìí kò tíì di awakọ̀ BRT. Bọ́ọ̀sì gígùn yẹn ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ni ín sì ní irú ẹni tó ń wá. Wọ́n gbọ́ ìyẹn lójú ẹsẹ̀.

Ibì kan wà tí fóònù ti ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Àwọn ọmọ wa máa ń kà á pé kò sẹ́ni tó lè wa bàálù èrò láìní wákàtí 1,500, ojú wọn á sì wálẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà nìyẹn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2009, bàálù kan já lulẹ̀ nítòsí ìlú Buffalo, ènìyàn 50 sì kú. Ìjọba wọn ṣòfin ní 2010, láti 2013 sì ni igbákejì awakọ̀ náà ti ní láti ní wákàtí 1,500, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ̀ǹda fún. Ní Nàìjíríà, bó ṣe rí ní Yúróòpù, ẹni tó ní CPL àti instrument rating lè jókòó sápá ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí igbákejì. Òfin kò dí i lọ́nà. Àmọ́ òfin kọ́ ló ń gbani síṣẹ́.

Láti wákàtí 200 dé orí àga

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí pẹ́, torí ibí ni owó ilẹ̀ ti ń rì.

Wákàtí 200 dà bíi púpọ̀ létí. Láti Ìkẹjà sí Àbújá kì í ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Awakọ̀ tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ gidi lè kó 200 jọ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Nítorí náà, lójú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ọmọ tó ní 200 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá ni. Ọ̀pọ̀ nínú wákàtí yẹn ló sì jẹ́ inú bàálù kékeré oníjòókòó méjì tàbí mẹ́rin, tó ń fi ẹ́ńjìnnì kan fò lójú ọjọ́ tó mọ́. Láti ibẹ̀ bọ́ sí Boeing 737 tó gbé èrò tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ọ̀nà jìn.

Bí wọ́n ṣe ń ka wákàtí náà gan-an yẹ ní mímọ̀. Láti ìgbà tí bàálù bá kọ́kọ́ sún láti lọ fò títí tó fi dúró pátápátá lẹ́yìn ìrìnàjò ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ìgbà tó wà lókè nìkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fò dé Èkó lálẹ́ ṣáájú ọdún 2023 á rántí bí bàálù ṣe máa ń rìn nílẹ̀ tí kò ní tètè dé MM2. Ojú ọ̀nà 18L, èyí tó sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí bàálù abẹ́lé ń lò, kò ní iná fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Òpin ọdún 2022 ni wọ́n tó parí iná ibẹ̀. Bílẹ̀ bá ti ṣú, ojú ọ̀nà kejì tó jìnnà ni gbogbo wọn ń sọ̀ sí. Gbogbo ìrìn ilẹ̀ yẹn ń wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ awakọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní logbook. Ìwé yẹn ṣe pàtàkì ju ìwé ẹ̀rí lọ. Òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín.

Lẹ́yìn wákàtí, ọ̀rọ̀ type rating ló kàn. Mi ò tíì rí òbí kan tí wọ́n ti sọ èyí fún kó tó sanwó. CPL kò fún ènìyàn láyè láti wa bàálù ńlá èyíkéyìí tó bá rí. Oríṣi bàálù ńlá kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀kọ́ àti àṣẹ tirẹ̀. Ẹni tó kọ́ ATR 72 tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fò kò lè bọ́ sínú Airbus A320 lọ́la. Inú simulator ni wọ́n ti ń kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Yàrá ìwakọ̀ bàálù gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ náà jẹ́, ó dúró lórí ẹsẹ̀ irin, ó ń mì, ó ń tẹ̀, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ọ lọ́wọ́, wọ́n á dá iná sí i, wọ́n á ní kó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Owó rẹ̀ wọ́n gan-an. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa ti ń lọ ṣe é, dọ́là sì ni wọ́n ń san níbẹ̀.

Ta ló máa san án? Nígbà mìíràn, ilé iṣẹ́ á san án, á sì fi ìwé àdéhùn de ọmọ náà fún ọdún mélòó kan. Bó bá kúrò kí ọdún náà tó pé, á san owó padà. Àdéhùn yẹn kò burú, ṣùgbọ́n kí lọ́yà kà á kí ọmọ tó fọwọ́ sí i. Nígbà mìíràn, ilé iṣẹ́ á ní àwọn ń wá ẹni tó ti ní type rating tẹ́lẹ̀. Ọmọ á sáré padà sílé, ẹbí á tún ta nǹkan, á lọ kọ́ oríṣi kan, nígbà tó bá fi máa dé, ilé iṣẹ́ yẹn ti yí bàálù padà. Wọn kì í dúró sójú kan. Nígbà tí Ibom Air bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2019, CRJ900 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Air Peace, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ Boeing 737, gba Embraer 195-E2 àkọ́kọ́ wọn ní oṣù kìíní ọdún 2021. Kò sí ẹ̀bi fún ilé iṣẹ́ nínú ìyẹn, òwò ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ ẹni tó fi owó ara rẹ̀ kọ́ oríṣi bàálù kan láìní ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ ti ra kọ́kọ́rọ́ kó tó mọ ilé tó máa ṣí. Mo bẹ gbogbo òbí, ẹ má ṣe é.

Kí ló dé tí ilé iṣẹ́ kò kàn gba àwọn ọmọ yìí kó sì kọ́ wọn? Ìdí pọ̀. Ẹni tuntun gbọ́dọ̀ fò lábẹ́ ọ̀gá awakọ̀ tó láṣẹ láti kọ́ni, irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò tún ní iye wákàtí tó fẹ́ rí kó tó gba bàálù wọlé. Ẹ̀rù sì ń ba àwọn ilé iṣẹ́ pé bí wọ́n bá kọ́ ọmọ tán, tó ní ẹgbẹ̀rún wákàtí, àwọn ará Dubai tàbí Qatar á fi owó dọ́là fà á lọ. Nígbà mìíràn pẹ̀lú, bàálù tí ẹ rí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀: wọ́n yá a ni, tòun ti awakọ̀ rẹ̀. Bàálù mẹ́ta lè dé sí Ìkẹjà lọ́nà bẹ́ẹ̀ kí àga kan má sì ṣí fún ọmọ Nàìjíríà. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ tó ní CPL fi wà nílé, tí wọ́n ń ta nǹkan lórí Instagram, tí wákàtí wọn sì ń di ti àtijọ́. Torí ẹni tó bá pẹ́ tí kò fò, wọ́n á tún ní kó lọ sọ ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tun, owó náà sì nìyẹn.

Ìyá béèrè pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ò fi rí báyìí láyé àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn kan ríṣẹ́ awakọ̀ lọ́gán tó jáde. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìdí rẹ̀ sì wà. Ọdún 1964 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Zaria sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí NCAT lónìí. Nigeria Airways, tó ti wà láti 1958, ń dúró de àwọn ọmọ tó ń jáde. Ìjọba ló ni ilé ẹ̀kọ́, ìjọba ló ni bàálù. Ní 2003, wọ́n ti Nigeria Airways pa. Ilé ẹ̀kọ́ ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́. Ìgbà Nigeria Airways ni ọ̀pọ̀ òbí wa ṣì ń fi ṣèṣirò títí dòní.

Owó, àti ibi tí ọmọ lè lọ

Èmi ò ní dárúkọ owó ilé ẹ̀kọ́ kankan, torí ó ń yí padà kí inki tó gbẹ. Bó ṣe ń yí ni kẹ́ ẹ mọ̀. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ kan lókè òkun ń gba 60,000 dọ́là. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí dọ́là wà ní nǹkan bí 460 náírà ní báńkì, mílíọ̀nù 27.6 náírà nìyẹn. Ní 2024, nígbà tí dọ́là kọjá 1,500, owó kan náà di mílíọ̀nù 90. Ọmọ tó wà láàárín ẹ̀kọ́ nígbà yẹn ńkọ́? Mo mọ ẹbí tí ọmọ wọn padà sílé pẹ̀lú wákàtí 90 nínú ìwé rẹ̀, láìrí èyí tó kù san. Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún ìyá pé bó bá jẹ́ òkè òkun ni, kí wọ́n ní gbogbo owó náà lọ́wọ́ kí ọmọ tó wọ bàálù, kó má jẹ́ ìdajì, kó má jẹ́ pé "Ọlọ́run á pèsè." Lẹ́yìn náà, ìwé àṣẹ òkè òkun kì í ṣiṣẹ́ níbí bó ṣe wà. NCAA ní láti yí i padà sí tiwa, pẹ̀lú ìdánwò àti àyẹ̀wò ìlera, ìyẹn náà ń gba owó àti àkókò.

Nílé ńkọ́? Yàtọ̀ sí Zaria, ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Ìlọrin tí ìjọba Kwara dá sílẹ̀. Owó náírà ni, ọmọ sì wà nítòsí. Ìṣòro tó wà ní ẹ̀kọ́ abẹ́lé ni ìdúró. Bàálù kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ kì í lo epo tí bàálù ńlá ń lò. Avgas ló ń lò, epo pẹtiróòlù àwọn bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kékeré, kò sì wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ yìí bíi Jet A-1 tí bàálù ńlá ń lò. Bí avgas bá wọ́n, bàálù á wà nínú ilé, ọmọ á wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n pè ní oṣù 18 lè wá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ pé wákàtí mélòó ni wọ́n fò lóṣù tó kọjá. Ìdáhùn wọn tọ́ ju ohun tó wà nínú ìwé pélébé aláwọ̀ mèremère lọ.

Kò sídìí fún yunifásítì kí ènìyàn tó di awakọ̀. Ìwé ẹ̀rí girama tó ní Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì àti Fisíìsì nínú ni wọ́n fi ń wọlé. Àmọ́ èrò tèmi ni pé kí ọmọ tún ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ dípúlómà, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ara lẹ fi ń ṣe iṣẹ́ náà

Ìwé kẹrin wà tí kò sẹ́ni tó ń kà á kún ìwé: ìwé ìlera onípò kìíní. Láìsí i, gbogbo ìwé yòókù jẹ́ bébà lásán. Dókítà tí NCAA fọwọ́ sí ló ń ṣe é. Á wo ojú, etí, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀, àti bí ọkàn ṣe ń lù. Gíláàsì ojú kì í ṣe ìdíwọ́ bó bá ti tún ìríran ṣe dé ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń lò ó. Èyí tó máa ń bá àwọn ọmọ lójijì ni àyẹ̀wò àwọ̀. Ẹni tí kò lè dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé lè má mọ̀ títí ọjọ́ tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, torí kò sí ohun tó fi hàn án nílé. Iná ojú ọ̀nà bàálù, iná apá bàálù, iná tí ilé ìṣọ́ ń tàn, àwọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nínú gbogbo wọn.

Nítorí náà, àyẹ̀wò yìí ló yẹ kó ṣáájú ohun gbogbo. Ó kéré púpọ̀ sí owó ilé ẹ̀kọ́. Mo ti rí i tí ọmọ san ìdajì owó ilé ẹ̀kọ́ kó tó mọ̀ pé ojú òun kò lè gba ìwé náà láé. Ẹkún ìyá ọmọ yẹn ṣì wà létí mi.

Ìwé ìlera náà kì í pẹ́. Oṣù 12 ló ń lò. Ẹni tó bá ti kọjá ọdún 60 á máa ṣe é ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, nígbà tó bá sì di 65, ìlànà àgbáyé ní kó sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù èrò. Láàárín gbogbo ọdún yẹn, ìtọ̀ ṣúgà, ọkàn tó ń ṣe ségesège, tàbí orí tó fọ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni ní ọjọ́ kan. Dókítà tí ẹsẹ̀ ń dùn ṣì lè jókòó wo aláìsàn. Awakọ̀ tí ìwé ìlera bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé ló ń lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ó ní iṣẹ́ kejì.

Kì í ṣe ara nìkan ni wọ́n ń dán wò. Ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, wọ́n á tún gbé awakọ̀ wọ inú simulator, ọ̀gá tó ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kò yọ sílẹ̀. Bó bá kùnà, kò ní fò títí á fi tún un ṣe. Ẹ ronú iṣẹ́ kan tí ẹ ti ń ṣe ìdánwò àṣekágbá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún títí dọjọ́ ogbó.

Ẹni tó bá ń rò pé ẹ̀rọ ló ń fò ó fúnra rẹ̀, kí ó mọ̀ pé awakọ̀ ló ń sọ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ á ṣe fún un: gíga, ìyára, ìhà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bàálù èrò dìde, ọwọ́ náà ni wọ́n sì fi ń gbé èyí tó pọ̀ jù lọ sọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá sì dákẹ́ lójú òjò ni ẹ máa mọ ohun tí wọ́n ń sanwó fún.

Ti ìgbé ayé wọn, mo rí i lójoojúmọ́. Bàálù aago méje àárọ̀ túmọ̀ sí pé awakọ̀ ti wà ní pápákọ̀ bí aago márùn-ún ààbọ̀, tó ń ka ojú ọjọ́, tó ń ṣírò epo, tó ń wo àbùkù tí ẹ́ńjínníà kọ sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Ajah ti jí ní aago mẹ́ta kí afárá tó dí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń háyà ilé ní Ìkẹjà tàbí Àjàò Estate. Ó lè jẹ́ Èkó sí Àbújá àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kan, ọjọ́ Kérésì àti Iléyá náà wà nínú rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá bo ilẹ̀ tó ní òun kò lọ, èrò á bú u, èébú tí mo fetí ara mi gbọ́ ní gẹ́ẹ̀tì kò ṣe é kọ sílẹ̀. Mo ń wò wọ́n, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn, torí ẹni tó bá lè sọ pé "mi ò lọ" níwájú èrò ọgọ́rùn-ún tó ń bínú ti gba gbogbo wa là.

Owó oṣù wọn dára. Ti ọ̀gá awakọ̀ dára gan-an. Ṣùgbọ́n igbákejì tuntun tó jẹ gbèsè dọ́là kò ní rí adùn rẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ dìde, ìyá béèrè pé, "Ṣé kí n sọ fún un pé kó gbàgbé ẹ̀ ni?" Mo ní rárá o, Màmá. Àwọn kan ń dé ibẹ̀. Àwọn kan ń di olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ bàálù kékeré, wọ́n ń fi ìyẹn kó wákàtí jọ. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ bíi tèmi, ní ọ́fíìsì tó ń ṣètò ìrìnàjò bàálù, níbi tí ojú ọ̀gá ti ń mọ ènìyàn kó tó béèrè àga. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan sì ni ilé iṣẹ́ kan máa ń gba ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ tó sì ń kọ́ ọ. Obìnrin náà wà níbẹ̀: láti Zaria yẹn ni Captain Chinyere Kalu ti jáde, obìnrin àkọ́kọ́ tó di awakọ̀ bàálù èrò ní Nàìjíríà, ó sì padà wá di ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà ní 2011. Iṣẹ́ ẹ́ńjínníà bàálù àti iṣẹ́ àwọn tó ń darí bàálù láti ilé ìṣọ́ náà wà, iṣẹ́ iyì ni wọ́n, owó ibẹ̀ kò sì gba títa ilẹ̀.

Mo wá kọ ìbéèrè mẹ́ta fún wọn pé kí wọ́n bi ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí kí wọ́n tó san kọ́bọ̀. Ṣé NCAA ti fọwọ́ sí yín, ẹ jẹ́ kí n rí ìwé náà? Nínú àwọn tó jáde lọ́dọ̀ yín ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mélòó ló ń fò báyìí, níbo sì ni? Iye tí ẹ dá lé wa yìí, ibo ló parí sí: ṣé instrument rating wà nínú rẹ̀, ṣé owó ìdánwò wà nínú rẹ̀, bí ọmọ bá nílò wákàtí lé ní iye tí ẹ kọ, eélòó ni ẹyọ kan?

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá pè mí. Ọmọ ti lọ ṣe àyẹ̀wò, ojú rẹ̀ mọ́ gbogbo àwọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dáa. Wọ́n ti pe ilé ẹ̀kọ́ méjì. Ọ̀kan dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tilẹ̀ fún wọn ní nọ́ńbà ọmọ méjì tó jáde níbẹ̀ kí wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú wọn ń fò, ìkejì ṣì ń wáṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ kejì ní kí wọ́n kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù ná, àwọn á dáhùn lẹ́yìn náà. Ìyá ní àwọn ti pa nọ́ńbà ìyẹn rẹ́. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ Ìkòròdú ṣì ń pè, wọ́n sì ní kó máa pè.